Ọ̀nà Tí Wọ́n Gbá Mọ́ fún Mi ní Igbemo

Ẹ̀rù ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀ sí Adó-Èkìtì, òun náà ló sì bá mi gbé pẹ́ jù níbẹ̀. Àwọn tó ti àjò bọ̀ máa ń ròyìn ilé gogoro àti iná ìgboro. Èmi ò ní irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu. Ìgbóná ti gba ojú mi láti kékeré, nítorí náà, Adó tí mo mọ̀ ni èyí tí etí mi gbọ́, tí imú mi gbóòórùn rẹ̀, tí ẹsẹ̀ mi sì kọ lù. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, kò fi ríran. Èmi wá jẹ́ àlejò tí kò tilẹ̀ ní ojú ọ̀hún, ẹ ò rí i pé ìyà tèmi di méjì.

Abẹ́òkúta ni ilé mi. Mo kàwé níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn afọ́jú, mo fi ọwọ́ ka ìwé títí mo fi gboyè tíṣà, mo sì padà wá jókòó sílé ìyá mi, torí kò sí ilé ẹ̀kọ́ tó fẹ́ tíṣà tí kò ríran. Nígbà yẹn, ìjọba ológun ti ní kí gbogbo ọmọ lọ sílé ẹ̀kọ́ láìsanwó, gbogbo ìlú ń wá tíṣà bí ẹni ń wá omi, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó wá mi. Ìgbà tó yá ni ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìjọ kan ní Adó ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ dá kíláàsì kékeré sílẹ̀ fún àwọn afọ́jú agbègbè àwọn, pé yàrá kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ṣé mo lè wá? Ìyá mi sunkún. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní Adó kò sí lókè òkun. Ọ̀sẹ̀ tí mo débẹ̀, èmi náà sunkún.

Gọ́tà ni ọ̀tá mi àkọ́kọ́. Gọ́tà Adó nígbà náà jìn, kò sì ní ìdérí, bí ọ̀pá mi bá ti wọ inú rẹ̀ lọ ni ọkàn mi náà á wọ inú rẹ̀ lọ. Kànga ni ìkejì. Ó wà lẹ́yìnkùlé ilé tí mo háyà yàrá sí, ìyàwó onílé a sì máa fi páànù bò ó nígbà tó bá rántí. Nígbà tí kò bá rántí ńkọ́? Mo máa ń tẹ́tí kí n mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni wà nítòsí, bí n kò bá gbóhùn ẹnì kan, màá kúnlẹ̀, màá rákò dé ìdí kànga bí ọmọ ọwọ́, èmi tíṣà tó gboyè. Ohun tí mo ń bẹ̀rù gan-an kì í ṣe ikú. Mo ń bẹ̀rù pé bí mo bá kó sí i, wọn yóò sọ pé, “Ṣé ẹ rí i? Kí ló gbé afọ́jú kúrò nílé?”

Ẹ̀rù kan tún wà tí n kò rò tẹ́lẹ̀, ẹ̀rù kíkí. Ọmọ tó bá kọjá lọ́dọ̀ àgbà láìkúnlẹ̀ kí i, àwọn ará Adó á béèrè ilé tó ti jáde. Èmi náà mọ̀ ọ́n kí, àbí Ẹ̀gbá wo ni kì í kí èèyàn? Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé bàbá kan jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ láìfọhùn, tó ń wò mí? Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà, ta ni yóò bá mi wá ọ̀rọ̀ ọ̀hún rí? Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í kí gbogbo ohun tó bá ṣẹ́ pẹ́ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo kí ewúrẹ́. Mo kúnlẹ̀ fún òkìtì pákó kan tó wà níwájú ìsọ̀ káfíńtà, mo ní, “Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá,” káfíńtà náà sì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Káfíńtà yẹn ló di ọ̀rẹ́ mi àkọ́kọ́. Ojú tirẹ̀ náà ti ń lọ díẹ̀díẹ̀, kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí ta ni yóò gbé iṣẹ́ fún káfíńtà tí kò ríran? Ó jẹ́wọ́ fún mi nítorí pé mo ti kí pákó rẹ̀. Ó di ọ̀kan nínú àwọn díẹ̀ tó kọ́kọ́ wá sí kíláàsì. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ fi ìka ka orúkọ ara rẹ̀ nínú àwọn kókó kéékèèké orí ìwé, ó tún un kà, ó wá ní kí n má tíì gba ìwé náà lọ́wọ́ òun. Mo lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo fi ìborùn nu ojú mi.

* * *

Màmá Dáre ni olórí ẹgbẹ́ obìnrin tó pè mí wá. Tíṣà ni òun náà, ohùn rẹ̀ dún bí agogo ilé ẹ̀kọ́. Òun ló fọwọ́ fà mí rin ọ̀nà Ọjà Ọba títí ọ̀nà náà fi mọ́ mi lẹ́sẹ̀, tí mo fi lè dá lọ rajà. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dá lọ, mo fẹ́ ra ìrẹsì. Mo gbóòórùn rẹ̀, mo dúró, mo na ọwọ́ kí n lè fi ìka yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òkúta pọ̀ nínú rẹ̀. Dípò ìrẹsì, owó tútù kan ló bọ́ sí mi lọ́wọ́.

“Gbà á, ọmọ mi. Olúwa á la ojú rẹ o,” ni ohùn obìnrin kan wí.

Inú bí mi. Mo fi owó náà lé orí igbá rẹ̀. “Mà, ìrẹsì ni mo wá rà. Èmi kì í ṣagbe. Tíṣà ni mí!”

N kò mọ̀ pé ohùn mi ti lọ sókè. Gbogbo àwọn tó wà nítòsí panu mọ́, àyà mi já. Àlejò tí kò ríran, tó wá ń pariwo mọ́ ìyá ọlọ́jà láàárín ọjà wọn, kí ni wọn ò ní fojú rẹ̀ rí? Mo ń wá bí màá ṣe yí padà nígbà tí mo gbọ́ tí obìnrin náà fa imú, bí ẹni tó ń sunkún tí kò fẹ́ kí wọ́n mọ̀.

“Ẹ má bínú,” ló wí. “Tíṣà kẹ̀? Ẹni tí kò ríran? Mo ní ọ̀kan bíi tiyín ní ulé.”

Bí mo ṣe mọ Ìyá Táyọ̀ nìyẹn. Igbemo, ìlú kan tí kò jìnnà sí Adó, ni wọ́n ti wá, òun ló ń gbin ìrẹsì, òun ló ń bọ̀ ọ́, tó ń sá a, tó ń gbé e wá tà ní Adó. Táyọ̀ ni ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Ọmọ náà ti ń kọ́ ìránṣọ kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, nígbà tí wọn yóò fi gbé e dé ọsibítù, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ọkọ Ìyá Táyọ̀ ti kú, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, Bàbá Ògúndáre, ló ń ṣe olórí ilé. Bàbá yìí ló ní kí Táyọ̀ máa gbé inú yàrá ẹ̀yìn, kí ó má jáde, kí ó má dá iná, kí ó má pọn omi. Oúnjẹ rẹ̀ ń dé lásìkò. Kò sẹ́ni tó ń nà án. Ó kàn jókòó síbẹ̀ láti ọdún mélòó kan ni.

Tíṣà obìnrin kan wà tó kọ́ mi níwèé, Íńdíà ló ti wá, òun náà kò sì ríran. Ó máa ń sọ fún wa pé ní ìlú tòun, bí wọ́n ṣe ń fi irú wa pamọ́ náà nìyẹn, pé gbogbo ibi tóun dé láyé ló ní yàrá ẹ̀yìn tirẹ̀. Ó ní kò sí ìjọba tó lè wọ inú yàrá yẹn lọ, àfi aládùúgbò. Èmi rò pé ọ̀rọ̀ kíláàsì lásán ni. Nínú ọjà yẹn ni mo tó mọ̀ pé èmi ló ń bá wí.

* * *

Tí mo bá fẹ́ gbóhùn ìyá mi, ilé ìfìwéránṣẹ́ ni mò ń lọ. Èèyàn á sọ nọ́ńbà fún akọ̀wé, á sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí wọn yóò fi pè é, ìgbà mìíràn wà tí ilẹ̀ á ṣú kí ọ̀nà fóònù tó là. Àbúrò ìyá mi kan ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń la pákó l'Ábẹ́òkúta, fóònù wà níbẹ̀, ìyá mi á sì wá jókòó tì í lọ́jọ́ tí a bá ti fi àdéhùn sí.

“Ṣé wẹ́n ń fún ẹ lóńjẹ?” ni ìbéèrè rẹ̀ àkọ́kọ́ nígbàkígbà tí mo bá pè é.

Kò sẹ́ni tó ń sọ “wẹ́n” ní Adó. Bí mo bá ti gbọ́ ọ, màá tẹ fóònù mọ́ etí dáadáa. Ulé, uyán àti uṣẹ́ ni mò ń gbọ́ láti àárọ̀ dalẹ́, bí mo bá sì la ẹnu tèmi, wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n á ní, “Ará Ẹ̀gbá!” Kò sí ìkà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ríran, ohùn ni ilé rẹ̀. Bí ohùn bá yàtọ̀, ó dà bíi pé wọ́n ti kó gbogbo àga inú ilé rẹ kúrò láyè wọn.

“Wọ́n ń fún mi, Ìyá. Mo sanra,” ni mo wí. Irọ́ ni. Mo ti rù.

“Padà wá sílé. Kí lò ń wá níbẹ̀?”

Mo ní owó fóònù ti fẹ́ tán.

* * *

Ọyẹ́ ti dé nígbà tí èmi àti Màmá Dáre lọ sí Igbemo lọ́jọ́ Sátidé kan. Bí a ṣe sọ̀kalẹ̀ ni òórùn ìrẹsì bíbọ̀ gbà mí nímú. Ìrẹsì wà lórí ẹní káàkiri ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, wọ́n ń sá a sí oòrùn, Màmá Dáre sì ń fà mí lọ́wọ́ gidigidi kí n má baà tẹ ti ẹlòmíràn mọ́lẹ̀. Mo wí fún ara mi pé bí mo bá da ìrẹsì ẹnì kan nù nínú iyanrìn lónìí, á di ìtàn.

Ìyá Táyọ̀ mú mi wọ yàrá ẹ̀yìn. Mo gbọ́ mímí ẹnì kan ní igun yàrá.

“Táyọ̀, tíṣà tí mo sọ fún ọ rè é,” ni ìyá rẹ̀ wí, ó sì fi wá sílẹ̀.

Mo wá ọwọ́ rẹ̀, mo rí i. Ọwọ́ náà rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná, ọwọ́ ẹni tí wọn kì í jẹ́ kó gbé nǹkan kan. Mo fi ìka rẹ̀ lé orí bébà tí mo mú wá, níbi tí lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀ wà. Ó ń tọ́ ọ wò fúngbà díẹ̀. Ohun tó béèrè kò kan ìwé rárá.

“Tíṣà, ṣé ẹ̀rù kì í bà yín?”

Mo ti múra àwọn ọ̀rọ̀ ìṣírí kan wá láti Adó, gbogbo rẹ̀ sá kúrò lẹ́nu mi. Mo ní, “Ó ń bà mí lójoojúmọ́. Mo máa ń rákò lọ sí ìdí kànga.”

Ó rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ sáré wọlé láti ìta, ó ní, “Kí ló ṣẹlẹ̀?” Ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ irú ohùn yẹn nínú yàrá náà.

Ní ọ̀ọ̀dẹ̀, Bàbá Ògúndáre kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ gùn. Ohùn rẹ̀ balẹ̀, ohùn àgbà tó ti rò ó tẹ́lẹ̀. “Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ wá. Àmọ́ nínú ulé yìí, a kò rí ẹni tó tọrọ jẹ rí. Bí mo bá fi ọ̀pá lé ọmọ yìí lọ́wọ́ lónìí, lọ́la ẹ ó gbọ́ pé ó wà ní Fájuyì, láàárín ìgboro Adó, tòun ti abọ́.”

“Bàbá, ṣé ẹ rí abọ́ lọ́wọ́ mi ni?” Màmá Dáre já mi ní èékánná nítan, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde.

“N kò rí abọ́,” ni bàbá náà wí. “Ohun tí mo rí ni pé wọ́n fọwọ́ fà yín sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò, wọ́n sì fọwọ́ fà yín wọ ulé mi. Kí wá lẹ fẹ́ kọ́ ọmọ mi? Bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ fa èèyàn?”

Ó dùn mí torí òótọ́ wà níbẹ̀. Ẹnu mi sì yára ju orí mi lọ. “Bí mo bá dá rìn láti ibi tí mọ́tò ti já wa sílẹ̀ dé ọ̀ọ̀dẹ̀ yín ńkọ́?”

Bàbá náà ní, “Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn yín. Bí ẹ bá dé ibí, ẹ ó mú Táyọ̀ lọ sí kíláàsì yín. Bí ẹ bá sọnù lọ́nà, ẹ ó fi ọmọ mi sílẹ̀ fún mi, n kò sì ní fẹ́ gbọ́ ọ mọ́.”

A fi í sí Sátidé tó ń bọ̀. Kí a tó wọ mọ́tò, Màmá Dáre mú mi rin ọ̀nà náà lọ, a rìn ín bọ̀, mo sì ń kọ́ ọ. Lábẹ́ igi máńgòrò tí mọ́tò ń dúró sí, ewé gbígbẹ ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹní ìrẹsì tò lọ́wọ́ ọ̀tún, bí ọ̀pá mi bá ti ń kan etí ẹní, mo ṣì wà lójú ọ̀nà. Ẹ̀rọ tó ń bó ìrẹsì ń kùn lọ́wọ́ òsì, tó bá ti wá di ẹ̀yìn mi, mo ti sún mọ́ ìyánà. Níbi ìyánà yẹn, odó ńlá kan wà níwájú ilé ìyá àgbàlagbà kan. Mo gbọ́dọ̀ kan odó náà, kí n yà sọ́tùn-ún. Bí n kò bá yà, kòtò tí àgbàrá wú wà níwájú, Màmá Dáre ní ó jìn.

* * *

N kò jẹun dáadáa ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn. Ọ̀nà náà ni mò ń rìn nínú ọkàn mi bí mo bá ń fọ aṣọ, bí mo bá ń kọ́ káfíńtà níwèé. Mo lọ pe ìyá mi. Mo rò pé bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ̀, ara mi á balẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan kòtò.

“Ta ni ọmọ yẹn jẹ́ sí ẹ?” ló béèrè. “Tó o bá kó sí kòtò ní ilẹ̀ onílẹ̀, ta ni wẹ́n máa ránṣẹ́ sí?”

Mo ní òun ìyá mi ni. Ó bú sẹ́kún, owó mi sì tán lóòótọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Láti ilé ìfìwéránṣẹ́ dé yàrá mi, mò ń rò ó. Ta ni Táyọ̀ jẹ́ sí mi? Mi ò bá a tan. Ìlú rẹ̀ kì í ṣe ìlú mi, mi ò sì gbọ́ ju ìdajì ohun tí ìyá rẹ̀ ń sọ bí ó bá ń sáré sọ̀rọ̀. Síbẹ̀, nínú gbogbo ilẹ̀ Èkìtì, inú yàrá ẹ̀yìn yẹn nìkan ni mo ti jókòó tí n kò ṣe bí ẹni tí ẹ̀rù kì í bà. Bóyá ibi tí èèyàn ti lè jẹ́wọ́ ẹ̀rù rẹ̀ ni à ń pè ní ilé. Kò dá mi lójú. Mo kàn mọ̀ pé bí mo bá sá padà sí Abẹ́òkúta, èmi náà ní yàrá ẹ̀yìn tó ń dúró dè mí níbẹ̀, ìyá mi sì ti gbá a mọ́ sílẹ̀.

* * *

Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, Màmá Dáre já ọwọ́ mi sílẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, ó ní, “Olúwa á ṣọ́ ẹ,” ó sì yẹra. Mo mọ̀ pé èrò wà níbẹ̀. Mo ń gbóòórùn wọn, mo ń gbọ́ aṣọ tó ń ha ara wọn. Àmọ́ kò sẹ́ni tó fọhùn.

Mo gbé ẹsẹ̀. Ewé gbígbẹ kan kò dún. Mo tún gbé e, iyanrìn lásán ni mo ń tẹ̀, ibẹ̀ mọ́ tónítóní. Ó yà mí lẹ́nu, mo na ọ̀pá sọ́tùn-ún kí n wá ẹní ìrẹsì. Kò sí ẹní. Mo nà án síwájú sí i, kò sí. Mo dúró kí n gbọ́ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ti kú. Ewúrẹ́ kò ké, ọmọ kò sunkún, ẹnikẹ́ni kò gún nǹkan kan. Gbogbo Igbemo dákẹ́ bí ilé tí wọ́n ti kó jáde.

Ẹ̀yin tó ń ríran, ẹ fi ojú inú wò ó pé ẹ wà lójú pópó lọ́sàn-án gangan, ilẹ̀ sì ṣàdédé ṣú mọ́ yín lórí. Bó ṣe rí fún mi gan-an nìyẹn. Òógùn bò mí nínú ọyẹ́. Mo rìn síwájú nítorí pé mo ti sọ pé màá rìn, ṣùgbọ́n n kò mọ ibi tí iwájú wà mọ́. Ọ̀pá mi kò kan nǹkan kan. Mo rìn títí, mo tún rìn, mo wá gbọ́ tí gbogbo èrò pa pọ̀ mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí èèyàn ṣe máa ń ṣe bí ọmọ bá fẹ́ já bọ́ láti orí àga. Mo dúró gbọin-gbọin. Mo na ọ̀pá síwájú mi, ọ̀pá náà lọ sínú òfìfo.

Kòtò ni. Mo ti kọjá odó láìmọ̀.

Mo fẹ́ pe Màmá Dáre. Orúkọ rẹ̀ ti dé orí ahọ́n mi. Bí mo bá pè é, Táyọ̀ á wà nínú yàrá yẹn títí ayé, bí n kò bá sì pè é, ibo ni kí n gbé ẹsẹ̀ sí? Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, orúnkún mi ti tẹ̀, mo wà ní ìkúnlẹ̀, ẹnu mi sì ń ṣe ohun tó ti mọ́ ọn lára láti ìgbà tí mo ti dé ilẹ̀ Èkìtì.

“Ẹ kú ilé o!” ni mo wí sínú òfìfo.

Ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Mo tún un wí, mo gbé ohùn sókè. “Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà!”

“Hòo! Ẹ káàbọ̀ o, ọmọ mi,” ni ìyá àgbàlagbà kan wí lẹ́yìn mi. Àwọn kan sọ fún un pé kó dákẹ́. “N ò ní dákẹ́! Ṣé kí ọmọ kúnlẹ̀ kí mi, kí n máa wò ó bí ugi? Ìyá Táyọ̀ ló bẹ̀ wá o, Tíṣà. Ulé dé ulé ló ń lọ. Ó ní ká gbá ọ̀nà mọ́ fún yín, ká kó ìrẹsì, ká gbé odó, ká so ewúrẹ́, ká pa ẹ̀rọ, ká panu mọ́, kí ohunkóhun má baà dí yín lọ́wọ́.”

Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, ẹkún àti ẹ̀rín sì gbá mi mú pọ̀. Wọ́n ti kó ìrẹsì tí wọ́n ń sá sóòrùn wọlé nítorí mi. Nínú ìfẹ́ ni wọ́n fi fẹ́ẹ̀ pa mí.

“Ẹ ṣeun, mà,” ni mo wí. “Ẹ dákun, ẹ gbé odó yín padà síbi tó wà, kẹ́ ẹ máa gún nǹkan. Ẹ sọ fún ẹlẹ́rọ kó tan ẹ̀rọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ sunkún. Bí ẹ kò bá ṣe iṣẹ́ yín, mi ò ní rí ọ̀nà.”

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ odó tó ń wọ́ nílẹ̀, ẹ̀rọ kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó gbà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Àwọn ewúrẹ́ jáde tàrúgùdù-tàrúgùdù. Ọmọ odó sọ̀ kalẹ̀, ó tún sọ̀ kalẹ̀, ìlú náà sì padà sí àyè rẹ̀ yí mi ká. Mo dìde, mo yí padà, mo kọjú sí ẹ̀rọ, mo rìn lọ síbi tí ọmọ odó ti ń dún, ọ̀pá mi kan odó gbì. Mo yà. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, ẹ má rò pé ó lọ. Mo kàn mọ ibi tí mo wà ni.

* * *

“Ẹ ti dé,” ni Bàbá Ògúndáre wí láti ọ̀ọ̀dẹ̀ rẹ̀.

“Mo dé, Bàbá. Mo wá mú Táyọ̀.”

Mo rò pé yóò sọ pé mo ti ṣe màgòmágó, pé ohùn èèyàn ló fà mí dé. Nígbà tó wá sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju ti ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀ lọ.

“Mo gbà pé ẹ dé. Mo rí yín níbi kòtò yẹn, mo ti fẹ́ kígbe. Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n rìn láti kékeré. Táyọ̀ kò mọ̀ ọ́n. Òun nìkan ni àbúrò mi fi sílẹ̀ fún mi. Bó bá ṣubú ńkọ́?”

Ohùn yẹn ni mo mọ̀ jù láyé. Ohùn ìyá mi lórí fóònù ni. Òótọ́ ni pé yóò ṣubú. Gbogbo wa la ń ṣubú.

Ilẹ̀kùn dún. Ẹsẹ̀ kan ń wọ́ bọ̀ lára ògiri, díẹ̀díẹ̀.

“Bàbá, ẹ jẹ́ kí n ṣubú,” ni Táyọ̀ wí. “Látìgbà tójú mi ti lọ, ẹ kò jẹ́ kí n ríbi ṣubú sí.”

Ìyá rẹ̀ pe Jésù. Mo gbọ́ tí Bàbá Ògúndáre sún kúrò lọ́nà. Mo wá ọwọ́ Táyọ̀, mo sì fi ọ̀pá mi lé e. Mo sọ fún un pé kó máa fi kan ilẹ̀ níwájú rẹ̀, ọ̀tún, òsì, kí ó máa lọ síbi tí odó ti ń dún. Ọ̀pá kan ṣoṣo tí mo mú wá nìyẹn. Bó ṣe kúrò lọ́wọ́ mi, mo dá dúró ní ìlú onílùú láìní ohun tí mo lè dì mú. Mo ń gbọ́ bí ọ̀pá náà ṣe ń lọ, kò, kò, kò, ó ń jìnnà sí mi, Bàbá Ògúndáre sì dúró tì mí, ó ń mí bí ẹni tó sáré.

Lẹ́yìn náà, ọ̀pá han gooro lórí òkúta, nǹkan kan sì lu ilẹ̀ gbì. Gbogbo ìlú pariwo, “Yéè!” Mo gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń sáré láti gbogbo ọ̀nà, ti ìyá rẹ̀ ló ṣáájú. Èmi kò lè sún. Mo na ọwọ́ méjèèjì sínú afẹ́fẹ́, mo ń wá ẹnikẹ́ni tí yóò sọ fún mi ohun tó ṣẹlẹ̀.

“Ẹ fi í sílẹ̀!” ni Bàbá Ògúndáre kígbe. “Ẹ má fọwọ́ kàn án! Ó ń dìde.”